Ẹ̀rù tí ó ní ààlà: Orò ilé wa àti àwọn òrìṣà abàmì inú ìwé Òyìnbó

 

Ní àìpẹ́ yìí, ọmọ àbúrò mi kan tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Faransé pè mí lórí fóònù. Ó ti ka ìwé ìtàn kan, ìbéèrè kan sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nínú ìtàn náà, òrìṣà kan wà tí ó ti wà kí ènìyàn tó dé ilé ayé. Ẹni tí ó bá fojú kàn án, wèrè ni tàbí ikú. Ó ní, "Tántí, ṣé irú nǹkan yẹn ni Orò tí ẹ máa ń tìlẹ̀kùn fún?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Obìnrin ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó nínú òkùnkùn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ní òru Orò. Síbẹ̀, n kò ní ìdáhùn kan tí mo lè fún ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Ìdáhùn tí mo wá kiri láti ọjọ́ náà ni mo gbé wá fún yín lónìí.

Ẹni tí ó kọ ìtàn tí ọmọ náà kà ni H. P. Lovecraft, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ìlú Providence ní 1890, tí ó sì kú ní 1937. Ní 1928 ni ìwé ìròyìn Weird Tales tẹ ìtàn náà jáde. Àkọlé rẹ̀ ni The Call of Cthulhu. Cthulhu yìí ni òrìṣà abàmì tí à ń wí: orí rẹ̀ dà bí ti ẹran omi ọlọ́wọ́ púpọ̀, ó ní ìyẹ́ apá, ó tóbi bí òkè, ó sì ń sùn nínú ìlú kan tí ó rì sí ìsàlẹ̀ òkun. Láti inú ìràwọ̀ ni ó ti wá. Ọjọ́ tí àwọn ìràwọ̀ bá tò bí ó ti yẹ, yóò jí, ayé tí a mọ̀ yóò sì dópin. Kò kórìíra ènìyàn, kò sì fẹ́ràn wọn. Ènìyàn kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀, bí èèrà kò ti já mọ́ nǹkan lójú ẹni tí ń sáré lọ sí ọjà. Irú ìtàn báyìí ni wọ́n ń pè ní cosmic horror. Ó ti bí ọ̀pọ̀ ìwé àti fíìmù. Láti 1981 ni wọ́n sì ti ń ta eré kan tí ó ń jẹ́ orúkọ ìtàn náà gan-an, tí àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó yí tábìlì ká láti ṣe.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ó kan Pọbẹ̀ nínú èyí? Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Nínú ìtàn náà, àwọn ọlọ́pàá New Orleans wọ inú igbó irà kan ní Louisiana ní 1907. Wọ́n bá àwọn ènìyàn tí ń jó yí iná ká, tí wọ́n ń bọ Cthulhu, tí wọ́n sì ti fi ènìyàn rúbọ. Kí àwọn ọlọ́pàá náà tó débẹ̀, wọ́n ti rò pé vodou ni. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ àdàlù ni òǹkọ̀wé náà fi ṣe ọmọ awo òrìṣà burúkú yìí. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé ọ̀rọ̀ àwọn Fọ̀n aládùúgbò wa ni vodun. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ kó ẹrú láti Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Louisiana ní 1719, Ouidah ni wọ́n ti kó wọn. Nítorí náà, nígbà tí Lovecraft ń wá ojú tí yóò fún ẹ̀rù ọkàn rẹ̀, ojú àwọn ènìyàn wa ni ó yá lò. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ọkùnrin náà. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ àti ewì kan tí ó kọ ní 1912 jẹ́rìí sí i. Nnedi Okorafor, òǹkọ̀wé tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ígbò, gba World Fantasy Award ní 2011, ère orí Lovecraft sì ni wọ́n ń gbé fún ẹni tí ó bá gbà á. Nígbà tí ó mọ irú ẹni tí ó ni orí náà, ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní gbangba. Ní 2015 ni àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀bùn náà kéde pé àwọn kò ní lo ère yẹn mọ́.

Síbẹ̀, n kò sọ fún ọmọ náà pé kí ó ju ìwé náà nù. Ó yẹ kí á mọ ohun tí ó fà á wọ inú rẹ̀. Lovecraft kò gba Ọlọ́run kankan gbọ́. Ó fẹ́ràn ìmọ̀ nípa ìràwọ̀, ó sì rí i pé bí ojú ọ̀run ti gbòòrò tó, ilé ayé wa dà bí ẹyọ iyanrìn kan. Ẹ̀rù bà á, ó sì fi ẹ̀rù náà ṣe òrìṣà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn ìlú ńlá ló wà ní ipò rẹ̀ lónìí. Wọn kò ní igbó tí wọ́n ń yà fún, wọn kò ní ọjọ́ tí wọn kì í jáde, kò sí ohun tí wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀ fún. Ẹni tí kò ní ohun tí ó ń bẹ̀rù mọ́ ni ó ń fi owó ra ìbẹ̀rù. Ọkàn ènìyàn ń fẹ́ kí nǹkan kan wà tí ó ju òun lọ. Ìfẹ́ yẹn kò burú. Òun náà ló kó àwọn baba wa jọ sí etí igbó.

Níbo wá ni ọ̀nà ti pín? Àwọn àgbà wa ní, ibi tí ènìyàn kò sí, kò sí imalẹ̀. Gbólóhùn kékeré yìí ni ó ya Orò kúrò lára Cthulhu. Òrìṣà inú ìwé náà kò nílò ẹnikẹ́ni. Bí gbogbo ènìyàn bá kú tán, kò ní mọ̀. Òrìṣà tiwa wà nínú májẹ̀mú. Ènìyàn ń bọ ọ́, òun náà ń dáàbò bo ènìyàn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ní ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi lè dúró níwájú ojúbọ kí ó sọ pé: òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi. Ta ni ó lè bá Cthulhu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo Orò fúnra rẹ̀. Mo mọ ààlà mi, n kò ní sọ ohun tí kì í ṣe tèmi láti sọ. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìkan ni mo ń wí. Orò ní ibùgbé: a mọ igbó rẹ̀, a mọ ibi tí igbó náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Orò ní àsìkò: wọ́n ń kéde rẹ̀, kónílé-ó-gbélé sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Orò ní iṣẹ́: láyé àtijọ́, òun ni apá tí àwọn àgbà ìlú fi ń mú ìdájọ́ wọn ṣẹ lórí ọ̀daràn, òun ni ó ń lé ibi kúrò nílùú. Ìdájọ́ náà le, ẹ̀mí sì ń bá a lọ nígbà mìíràn. N kò ní fi oyin pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú ilé mọ ohun tí òun ní láti ṣe kí ibi má bàa kan òun. Ìyá mi a kó ata tí ó sá wọlé, a pa àtùpà, a ní kí á dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà wá. Bí ohùn náà ti ń kọjá lọ, ìyá mi a tún máa sùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣọ̀npọ̀nná, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Sakpata. Bí a bá ń wá òrìṣà tí ó súnmọ́ ti inú ìwé Lovecraft, òun ni à bá mú, nítorí òun ni ó ni ìgbóná. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Kí ni wọ́n wá ń pè é? Wọ́n ń pè é ní Ọba, wọ́n ń pè é ní Olóde. Àrùn tí ó pa ìdílé run ni wọ́n fi oyè dá lọ́lá, kí wọ́n lè ní ẹni tí wọn yóò bẹ̀. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ a kò lé Olóde kúrò nílé. Àjọṣe náà ju àrùn lọ.

Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìtàn Cthulhu, ìyẹn ní 1938, D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Olùkọ́ni àti onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, síbẹ̀ igbó rẹ̀ kún fún abàmì. Àgbákò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú mẹ́rìndínlógún. Àkàrà-ògùn bá a jà. Nígbà tí ó yá, ọba ìlú rán òun àti àwọn ọdẹ mìíràn lọ sí Òkè Lángbòdó, kí wọ́n lè mú ohun tí yóò ṣe ìlú láǹfààní bọ̀. Ó padà wálé, ó sì ní kí wọ́n kọ ìtàn náà sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè fi gbọ́n. Ẹni tí ń sọ ìtàn Lovecraft ní tirẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ojú ẹnikẹ́ni má ṣe kan ìwé òun láé. Fún un, ìmọ̀ ni ó ń pani. Fún Fágúnwà, ẹni tí ó rí abàmì ní gbèsè ìròyìn tí yóò san fún ìlú.

Ọ̀rọ̀ ọba tí ó wọ inú èyí kì í ṣe àṣìṣe. Aláṣẹ èkejì òrìṣà ni à ń pe ọba, ìyẹn ni pé ó dúró láàárín ìlú àti ohun tí ó ju ìlú lọ. Ọba pàápàá wà lábẹ́ èèwọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, nígbà tí ọba bá wàjà, Orò a jáde, ẹni gbogbo a sì wọlé. Agbára tí ó ń dẹ́rù ba ìlú ń jíhìn fún ìlú. Ààlà ilẹ̀ tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 pín àwa Yorùbá sí méjì, ṣùgbọ́n òfin yìí kò pín: bí a ti ń wọlé fún Orò ní Sakété ni wọ́n ń wọlé fún un ní Abẹ́òkúta.

Ibi tí mo ń lọ nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Bí ẹ̀rù Orò bá sọ ààlà rẹ̀ nù, Cthulhu ni yóò dà lójú àwọn ọmọ wa, ọwọ́ wa ni yóò sì ti wá. Mo ń rí àwọn fídíò tí àwọn ọmọ wa gan-an ń gbé sórí Facebook, tí wọ́n fi orin adẹ́rùbà sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tí ó bá jáde kú, láìsọ ìdí, láìsọ àsìkò. Ìtàn Lovecraft ni wọ́n ń sọ, wọn kò mọ̀. Ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu gba Sakété àti Pọbẹ̀ kọjá. Àjèjì tí ó bá dé lálẹ́ tí kò gbọ́ ìkéde, kí ni yóò rò pé Orò jẹ́? Obìnrin tí ìrọbí mú ní òru yẹn ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tí ó yẹ kí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀dọ́ tí ó bá fi orúkọ Orò gba owó lọ́wọ́ èrò ọkọ̀, májẹ̀mú wo ni ó ń mú ṣẹ? Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rù kọjá ààlà ti ba Orò jẹ́ ju obìnrin tí ó yọjú lójú fèrèsé lọ.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ ẹgbẹ́ wa fún. Àkọ́kọ́, kí á bá àwọn ọba àti àwọn àgbà Orò sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ àti wákàtí máa tètè di mímọ̀, ní Yorùbá, ní Gùn àti ní Faransé, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀. Èkejì, kí àdéhùn wà nípa bí aláìsàn, aboyún àti àwọn tí ń tọ́jú wọn yóò ṣe dé ilé ìwòsàn, kí ìlú sì mọ àdéhùn náà. Ẹ̀kẹta, kí àwọn àgbà kọ ohun tí ó ṣeé kọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń bẹ lẹ́yìn odi. Àṣírí kò ní tú nípa bẹ́ẹ̀; ìdí ni a fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Inú oṣù Ṣẹẹrẹ ni ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè wa yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ lọ́dọọdún wà. Ọjọ́ yẹn dára fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti pe ọmọ náà padà. Mo ní: "Rárá o, ọmọ mi. Èyí tí o kà nínú ìwé kò mọ̀ pé o wà láyé. Orò mọ̀ pé mo wà nínú ilé, ìdí nìyí tí ó fi ní kí n tìlẹ̀kùn." Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ta ni ó ń sọ fún Orò pé àkókò tó láti padà sínú igbó. Mo ní kí ó béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ààlà tèmi wà. Ẹ̀yin bàbá rẹ̀, ọmọ yín ń bọ̀ wá béèrè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lọ wá ìdáhùn sínú ìwé Lovecraft.