Owó Jìtá Kọ́ Ni Orin

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akọrin àti ẹ̀yin onílé fàájì, láti Lekki títí dé Ajah: ta ló sọ fún yín pé iye tí wọ́n ra jìtá ni etí ń gbọ́? Ọmọkùnrin kan á gbé jìtá onígi tí agbára rẹ̀ ká wá. Kó tó fọwọ́ kan okùn, ẹ ti wo orúkọ ara rẹ̀, ẹ ti yínmú, ẹ ní kó lọ wá èyí tó gbayì. Ni òun náà bá lọ yá owó èlé. Ìwà yìí kò dáa, kò sì bá ọgbọ́n mu.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí a bá ta jìtá onígi lásán, pákó iwájú rẹ̀ ló ń gbọ̀n, tí afẹ́fẹ́ ikùn rẹ̀ sì ń gbé ohùn jáde. Níbẹ̀, pákó gidi lè yàtọ̀ sí pákó alẹ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ki wáyà bọ ámpílífáyà, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ jìtá onígi oníwáyà, ohun pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ egungun kékeré tí okùn gùn lé. Òun ló ń sọ ìgbọ̀nrìrì di iná, okùn ló sì ń gbọ́ jù, kì í ṣe ikùn.

Ohun tí iná ń ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1949 ni Àyìndé Bákárè mú jìtá tí wọ́n fi iná gbé ohùn rẹ̀ sókè wọ inú orin jùjú. Látìgbà náà ni àwọn olórin jùjú ti lè fi gángan kún un láìbo jìtá mọ́lẹ̀. Iná ló ṣe é, kì í ṣe orúkọ.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Lancaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí jáde. Jìtá 6 ni wọ́n kàn bákan náà; igi ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ nìkan ló yàtọ̀. Igi olówó gọbọi wà níbẹ̀, sapele tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Sapele tiwa náà sì wà níbẹ̀. Onijìtá 52 ta wọ́n láìfojú rí wọn. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Láìsí ámpílífáyà nìyẹn o!

Ẹnìkan á ní, “Ṣé gbogbo jìtá wá dọ́gba ni?” Rárá o. Èyí tí ọrùn rẹ̀ wọ́, tí kì í dúró lórí ohùn tí a yí i sí, ìyà ni. Ṣùgbọ́n jìtá tí ikùn rẹ̀ jí pépé gan-an ló máa ń tètè hu bí sípíkà bá kọjú sí i.

Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ so okùn tuntun irú kan náà mọ́ jìtá mẹ́ta. Ẹ lo ámpílífáyà kan ṣoṣo, kí ariwo wọn dọ́gba, torí èyí tó bá ròkè díẹ̀ ni etí máa ń pè ní dídára. Kí onijìtá kan ta orin kan náà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ẹ wá sọ èyí tó wọ́n jù.

Nínú gbọ̀ngàn tí jẹnẹrétọ̀ ti ń bú lẹ́yìn ilé, ta ló ń gbọ́ igi? Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ẹ fi etí yan olórin, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.