Bí Wọ́n Bá Ti Lé Wa Lẹ́nu Iṣẹ́ Rí, Kí Ni Kí A Wí?

Kò sí ìbéèrè tí í mú ọ̀fun ẹni tí ń wá iṣẹ́ gbẹ tó èyí: “Kí ni ó mú yín kúrò níbi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn?” Ní Mowé, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni pọ̀ sí, àwọn olùkọ́ tí a ti lé rí a máa dáhùn pé àwọn fúnra àwọn ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ yọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà kúrò nínú ìwé wọn pátápátá. Èrò tiwa ni pé òtítọ́ ni ó yẹ kí wọ́n sọ, kí agbanisíṣẹ́ náà sì jẹ́ kí òtítọ́ ṣeé sọ.

Èkíní, kì í ṣe gbogbo ẹni tí a lé ni ó jẹ̀bi. Àwọn ará Ìfọ̀, tí ojú irin gba ìlú wọn kọjá, kò ní í ṣàì ti gbọ́ orúkọ Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ní 1943 ni a lé e lẹ́nu iṣẹ́, tí ìjọba òyìnbó sì mú un kúrò nílùú Èkó títí di 1945. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin ń jẹ́. Ní 1975 pẹ̀lú, ìjọba Murtala Muhammed yọ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ju 10,000 lọ, a kò sì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn láyè láti sọ tẹnu wọn.

Èkejì, kí olúkúlùkù ka ìwé tí a fi dá a dúró. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí a fún ní ìkìlọ̀ ṣáájú, tàbí tí a sanwó fún dípò rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí a lé lójú ẹsẹ̀ nítorí ìwà àìtọ́. Kí ẹni àkọ́kọ́ má ṣe ba ara rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Kí ẹnì kejì má ṣe purọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ gùn. “Wọ́n dá mi dúró nítorí pé mo máa ń pẹ́ dé. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti kó wá sí ìtòsí báyìí.” Ó tó. Kí a má ṣe bú ọ̀gá àtijọ́, nítorí ẹni tí ń gbọ́ yóò rò pé ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ a sì máa bi ara wọn léèrè. Ẹni tí irọ́ rẹ̀ bá tú lẹ́yìn tí a gbà á ni a óò lé lẹ́ẹ̀kejì, láìsí àwíjàre.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ọ̀rọ̀ kàn yín. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bí ẹ bá lé olóòótọ́ padà lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ sì gba ẹni tí ó parọ́ dídùn, ẹ̀yin ni ẹ ra èké náà, àwọn ọmọ wa ni yóò sì jókòó síwájú rẹ̀. Ẹni tí a lé nítorí pé ó pa ọmọ lára tàbí tí ó bá ọmọ ṣèṣekúṣe kò yẹ kí ó tún wọ iyàrá ẹ̀kọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ níwọ̀n, tí ó jẹ́wọ́, tí ó sì tún ìwà rẹ̀ ṣe, ẹ dán an wò fún sáà kan. Olùkọ́ tí ó lè sọ òtítọ́ tí ó pa á lára níwájú àgbà ni ó lè kọ́ ọmọdé ní òtítọ́.