Ọ̀DÀ INÚ ILẸ̀ ÌJẸ̀BÚ

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin alákọ̀wé, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti Odògbólú nìkan. Ti gbogbo Ìjẹ̀bú ni. Ọ̀dà dúdú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bítúmẹ̀nì, wà nínú ilẹ̀ wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ijebu East àti Ogun Waterside, ó sì nà wọ ìpínlẹ̀ Òndó lọ. Kì í ṣe àwárí àná. Ní 1908 ni ilé-iṣẹ́ John Simon Bergheim, Nigerian Bitumen Corporation, ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lágbègbè ọ̀sà Lẹ́kkí. Ní 1914, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin epo, ó sì fi ìwé àṣẹ mọ sọ́wọ́ àwọn ọmọ-abẹ́ ọba rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ wọn. A kò pe onílẹ̀ sí ìpàdé náà.

Nígbà tí ìjọba di ti ara wa, ìṣe kò yí padà. Ní 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà, ìjọba ológun pàṣẹ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo epo rọ̀bì. Ní 1978, ológun kan náà ni ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà. Àṣẹ méjèèjì jáde nígbà tí kò sí ilé aṣòfin tí aráàlú yàn. Níbi tí ìjọba bá ti ń yí bí òkòtó, ẹ̀yìn onílẹ̀ ni a ti ń ṣòfin.

Àwọn kan ń wí pé kí a fọkàn balẹ̀, pé Òfin Epo ti 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ ya 3 nínú 100 owó tí ó ná sí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún sọ́tọ̀ fún ìlú tí epo ti ń jáde. Òfin náà kò kan ọ̀dà. Abẹ́ Òfin Ohun Àlùmọ́nì ti 2007 ni ọ̀dà wà, òfin yìí kò sì dá irú iye bẹ́ẹ̀ fún ìlú. Ohun tí ó wí ni pé kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà bá ìlú ṣe ìwé àdéhùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí a sì máa yẹ ìwé náà wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Bí àdéhùn kò bá parí nígbà tí ilé-iṣẹ́ ti múra tán, ọ̀rọ̀ di ti mínísítà. Ní ti 13 nínú 100 tí Ìwé Òfin 1999 là sílẹ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ó ń bọ́ sí, kì í ṣe ọwọ́ ìlú.

Nítorí náà, ohun tí a bá kọ sínú ìwé àdéhùn ni ìpín wa. Ẹ wo ilẹ̀ Ògóni: epo bẹ̀rẹ̀ sí jáde níbẹ̀ ní 1958, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yẹ ilẹ̀ àti omi wọn wò ní 2011, wọ́n ní àtúnṣe rẹ̀ lè gbà tó ọdún 25 sí 30.

Ìmọ̀ràn wa kò gùn. Kí àwọn ìlú tí ọ̀dà wà nínú ilẹ̀ wọn pe awọnlẹ̀ nísinsìnyí, kí ààlà ìdílé àti ìdílé di kíkọ sílẹ̀, kí ìjà ilẹ̀ má baà fi wá lé àjèjì lọ́wọ́. Kí àwọn amòfin ọmọ Ìjẹ̀bú kọ àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn kan fún gbogbo wọn: omi mímu, owó oko tí a bá bàjẹ́, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, dídí kòtò nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Kí olóyè kankan má sì dá fọwọ́ sí ìwé ní kọ̀rọ̀. Kí ọmọ Odògbólú má wí pé ọ̀dà kò sí ní àgbàlá òun: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.