ÀJÀGBỌN INÚ ÀWO: IGI TÍ APÁ KÁ

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọmọ ni a máa ń fi òwe yìí bá wí, a kì í sì í ronú kan igi fúnra rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń pẹ̀ka igi láti kékeré, tí apá wọn sì ń ká a títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Inú àwo pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gbìn ín sí. Igi náà lè pé 50 ọdún, kí ènìyàn kan ṣoṣo sì tún lè gbé e láti ìta wọ ilé. Bonsai ni àwọn ará Jàpáànù ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ohun tí a gbìn sínú àwo lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di tiwọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ìkòyí-Ilé àti agbègbè rẹ̀, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ẹ jẹ́ kí á ro ti tíṣà tí wọ́n rán wá sí ìlú láti kọ́ ọmọ. Ó gbin máńgòrò sí ẹ̀yìn ilé tí ó yá gbé, ó bomi rin ín títí. Ọdún tí igi náà fẹ́ so gan-an ni lẹ́tà dé pé kí ó máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ni yóò jẹ máńgòrò náà? Onílé ni. Ẹ sì ro ti ìyá olójà tí ń gbé yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀, tí kò ní ilẹ̀ tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ níwájú ilé. Àwọn baba ńlá Ìkòyí mọ irú ọ̀ràn yìí dáadáa. Nígbà tí ogun tú Ìkòyí àtijọ́ ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú orúkọ àti oríkì wọn dání lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti ibòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè gbé igi ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rù. Igi inú àwo ni igi tí ó lè bá ẹni tí ó ni ín kó lọ.

Irú igi wo ni kí á wá gbìn? Kí á kọ́kọ́ la ojú ara wa: kò sí irúgbìn kankan ní ayé tí ń jẹ́ irúgbìn bonsai. Bí ẹnikẹ́ni bá kó irú rẹ̀ wá tà fún yín, ẹ pa owó yín mọ́. Igi oko lásán ni gbogbo wọn. Ọwọ́ ènìyàn ni ó sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀. Igi tí ìdí rẹ̀ máa ń le, tí ewé rẹ̀ kò fẹ̀ jù, ni ó dára. Ọ̀dán tí ń ṣíji bo àwọn ọjà wa dára fún un, oṣè náà dára. Ṣùgbọ́n fún àwa tí a wà ní ìhín, àjàgbọn ni mo yàn. Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣeé sọ láìdárúkọ igi náà, nítorí ìdí àjàgbọn ni wọ́n ní Ògúnlọlá ọdẹ tẹ̀dó sí, òun náà tí ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ó sì di Ṣọ̀ún àkọ́kọ́. Àjàgbọn yìí kan náà wà lára igi tí àwọn oníṣẹ́ bonsai ilẹ̀ olóoru fẹ́ràn jù, nítorí pé ewé rẹ̀ kéré, ó fara da oòrùn, ẹ̀ka rẹ̀ sì gba ìtọ́sọ́nà. Nínú oko, ó lè ga tó 60 ẹsẹ̀ bàtà. Nínú àwo, ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì ti tó o.

Èso rẹ̀ kò ṣòro rí. Òun ni àwọn Hausa ń pè ní tsamiya, tí wọ́n fi ń po kúnú kíkan. Ẹ ó rí i rà lọ́wọ́ wọn lọ́jà. Ẹ fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò, ẹ mú kóró rẹ̀ bíi mẹ́wàá, ẹ ha ẹ̀gbẹ́ èèpo rẹ̀ díẹ̀ lára òkúta, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì. Ẹ gbìn ín sínú garawa tí ẹ ti lu nídìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó yẹ kí ó ti máa hù. Bí ẹ bá rí i ní àṣálẹ́ tí ewé rẹ̀ pa pọ̀ bí ẹni ń sùn, ẹ má bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń sùn. Yóò ṣí i bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣìnà nìyí: wọ́n a sáré gbé ọmọ igi sínú àwo kékeré nítorí pé igi kékeré ni wọ́n ń fẹ́. Irú igi bẹ́ẹ̀ yóò tín-ín-rín bí ọwọ̀ títí ayé. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó dàgbà! Ẹ fi í sílẹ̀ nínú garawa ńlá fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí ó jẹun, kí ó ga, kí ìdí rẹ̀ nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Ìgbà náà ni ẹ ó gé e kù ní ìwọ̀n íǹṣì mẹ́fà sókè ilẹ̀. Yóò dun yín, ṣùgbọ́n ẹ gé e. Yóò rúwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti gé e. Ẹ yan èyí tí yóò di orí nínú àwọn ọ̀mùnú náà, ẹ yan méjì mẹ́ta tí yóò di apá, kí ẹ sì gé ìyókù.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àkókò tó láti gbé e sínú àwo. Àwo amọ̀ tí kò jìn ni kí ẹ wá, tí ó ní ihò méjì tàbí mẹ́ta nísàlẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò Dàda ní Òkèlele, Ìlọrin, kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ń mọ ìkòkò ọbẹ̀ kò lè ṣaláì mọ àwo pẹlẹbẹ bí ẹ bá ṣàlàyé fún un. Ẹ má bu ilẹ̀ alámọ̀ sínú rẹ̀. Ìwọ̀n méjì yanrìn líle àti yangí wẹ́wẹ́ tí a ti jọ̀ kúrò nínú eruku, pẹ̀lú ìwọ̀n kan ilẹ̀dú, ni ó dára, kí omi lè máa ṣàn kọjá. Gbòǹgbò àárín tí ó rì tààrà sísàlẹ̀ ni kí ẹ gé kúrú. Ẹ fi àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, nítorí àwọn ni ẹnu tí igi fi ń jẹun. Lẹ́yìn náà, ní ọdún méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ó máa yọ ọ́, ẹ ó gé bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbòǹgbò rẹ̀, ẹ ó sì pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀ka kan tẹ̀, ẹ fi wáyà bàbà rírọ̀ wé e, ṣùgbọ́n ẹ tú u kí ó tó jẹ ẹ̀ka náà lára.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ti máa mi orí níhìn-ín: ṣé kì í ṣe ìyà ni a fi ń jẹ igi yìí? Rárá o. Igi tí ìyà ń jẹ, ewé rẹ̀ a pọ́n, a sì máa rẹ̀ dànù. Ojú lásán ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ebi kọ́ ni ó ń sọ igi inú àwo di kékeré, ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí ni. A ń gé e lókè, a ń gé e nísàlẹ̀, a sì ń bọ́ ọ láàárín. Ẹ fún un ní ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà tán, díẹ̀ díẹ̀, ní àkókò òjò. Ìta gbangba ni kí ó máa gbé, kí oòrùn máa pa á. Ẹni tí ó bá gbé àjàgbọn sórí tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ ti gbé e lọ síbi tí yóò kú sí.

Ohun tí ó lè pa á ju gbogbo rẹ̀ lọ ni omi, àpọ̀jù rẹ̀ tàbí àìtó rẹ̀. Ẹ gún igi ìgbálẹ̀ kan sínú ilẹ̀ rẹ̀ ní àárọ̀. Bí ó bá jáde pẹ̀lú ọ̀rinrin, ẹ dúró ná. Bí ó bá jáde ní gbígbẹ, ẹ bomi sí i títí yóò fi máa jò nísàlẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, ó lè di àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Igi inú oko lè rán gbòǹgbò wá omi. Èyí kò ní ibi tí yóò rán an lọ. Ọjọ́ méjì péré nínú ọyẹ́ láìsí omi lè parí iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò tí ń rin ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́rin márùn-ún, kí ẹ tó wá kóró, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa bá yín bomi. Bí kò bá sí, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ èrè lọ́wọ́ lọ́wọ́ ni ẹ ń wá, ẹ lọ gbin kajú sí oko. Ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ni kí igi yìí tó dà bí igi àgbà lójú aláìmọ̀kan.

Igi ahóyaya funfun kan wà ní ọgbà ìjọba ní Washington, ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1625 ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ nínú àwo. Agbo ilé Yamaki ní Hiroshima ni ó ni ín, láti ọwọ́ baba dé ọwọ́ ọmọ. Nígbà tí àdó olóró bọ́ lu ìlú náà ní ọjọ́ 6 oṣù August, ọdún 1945, ilé wọn kò ju bíi máìlì méjì lọ síbẹ̀. Ògiri ọgbà ni ó gba igi náà là. Ní ọdún 1976, Masaru Yamaki fi í ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, kò sì sọ ohun tí ojú igi náà ti rí. Ọdún 2001 tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wá kí i ni àwọn olùtọ́jú rẹ̀ tó gbọ́. Nínú 400 ọdún náà, kò sí ẹnì kan tí ó dá a tọ́jú tán. Bí ọwọ́ kan bá ti ń rọ, òmíràn ti kọ́ bí a ti ń gé e àti bí a ti ń bomi sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn bí? Nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ gbin kóró mẹ́wàá pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì yín. Ẹ fi ọmọ méjì méjì ṣọ́ igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan lè bomi bí ara ẹnì kejì kò bá yá. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìṣípòpadà bá dé, ẹ gbé ọ̀kan dání, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.