Búrọ́ọ̀ṣì Kékeré àti Ẹ̀tọ́ Ará Ilé

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kò jìnnà. Inú ilé èmi fúnra mi ni mo ti mú un wá. Bí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀.

Ladánì ni mí. Iṣẹ́ mi ni láti máa pe àwọn ènìyàn sí ìrun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ṣùgbọ́n mo ní iṣẹ́ ìgbafẹ́ kan tí kò sí lára iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí: mo fẹ́ràn láti máa fi ọ̀dà ya ọnà wínníwínní sórí ìwé tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ilé kéú ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Alùfáà wa a máa fi tàdáwà dúdú àti pupa ṣe ọnà sí etí ìwé rẹ̀, àwa ọmọ kéú a sì máa yọjú wò ó láti ẹ̀yìn wàláà wa. Nígbà tí mo dàgbà, mo ra búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti ọ̀dà tí a ń fi omi pò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú irú rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Ladánì, ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí máa ya àwòrán?” Ìbéèrè rere ni. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀, ẹnu wọn kò sì kò lórí gbogbo rẹ̀. Èmi mú ibi tí ọkàn mi balẹ̀ sí. Ó wà nínú hádíìsì tí Bukhari kó jọ pé ọkùnrin kan tí ń fi àwòrán yíyà jẹun lọ bá Ibn Abbas. Ibn Abbas kìlọ̀ fún un, lẹ́yìn náà ó ní bí kò bá lè ṣe kí ó má ya nǹkan, kí ó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Nítorí náà, òdòdó ni mò ń yà, àti ewé, àti ìtàkùn, àti ìràwọ̀. N kò ya ènìyàn, n kò ya ẹran.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láàrin àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Páṣíà, ti Tọ́kì àti ti Íńdíà. Wọn kì í ya ènìyàn sínú Kùránì; wúrà àti ọ̀dà búlúù ni wọ́n fi ń ṣe ọnà sí i. Inú ìwé ìtàn àti ìwé ewì ni àwọn kan ti ń ya ọba, ẹṣin àti ogun. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ yóò yé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lọ sí ilé kéú rí: ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, pátákó a sì wà lórí orúnkún wọn. Wọ́n a fi òkúta tí ó jọ̀lọ̀ ha ìwé títí yóò fi máa dán. Irun ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì, inú ìkarahun ni ọ̀dà ń wà, oje igi tí àwọn ará Òkè Ọya ń pè ní kàrò ni ó sì ń mú un lẹ̀ mọ́ ìwé. Òkúta búlúù wọn tí ó dára jù, láti Badakhshan ní ilẹ̀ Afghanistan ni. Ènìyàn lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí ìwé kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ohun tí ó kéré lójú a máa gba àkókò tí ó pọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìdajì wákàtí ni mo kọ́kọ́ ń lò lẹ́yìn ìrun Iṣáì. Ó di wákàtí kan, ó di méjì. Oúnjẹ mi a tutù, ẹ̀kọ́ ilé-ìwé tí ó yẹ kí n yẹ̀ wò fún àwọn ọmọ a di ti ọ̀la. N kò lọ sí ilé ọtí, n kò ta tẹ́tẹ́, n kò sì rìn lóru, nítorí náà mo rò pé kò sí ẹni tí ó lè bá mi wí. Ṣebí inú ilé ni mo wà?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà òjò, mo jókòó ti iṣẹ́ mi. Ìwé ìkíni ìgbéyàwó ni mò ń ṣe ọnà sí fún ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan. Ìyá àwọn ọmọ mi yọjú láti inú yàrá, ó ní, “Ààfáà, ara ọmọ yìí gbóná.” Mo ní, “Fi omi nù ún lára, mò ń bọ̀.” Ó tún pè mí. Mo ní, “Ó ku ewé méjì.” Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ dé etí mi ṣùgbọ́n kò dé ọkàn mi. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ewé méjì ti di mẹ́wàá, ilé sì ti pa rọ́rọ́. Mo wọ yàrá. Ẹní wà níbẹ̀, aṣọ tútù tí ó fi ń nu ọmọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìyá, kò sí ọmọ.

Gìrì ni ó mú ọmọbìnrin mi kékeré. Ìyá rẹ̀ ti gbé e, ó ti lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wa, ẹni yẹn sì ti fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Mo sáré lọ bá wọn. Bàtà kan ṣoṣo ni ó wà ní ẹsẹ̀ mi, ọ̀dà búlúù sì wà ní ìka mi. Nọ́ọ̀sì kan wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Kí ni ẹ jẹ́ sí ọmọ yìí?” Kò ní èrò búburú lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wọ̀ mí lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Èmi tí mò ń pe gbogbo àdúgbò tí wọ́n sì ń dá mi lóhùn, ẹnì kan pè mí nínú ilé mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò jẹ́ ẹ.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba. Ilẹ̀ mọ́ bá ọmọ náà láàyè, ní ọjọ́ kẹta ó ti ń béèrè àkàrà. Nígbà tí a padà dé ilé, mo kó búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà àti ìwé jọ, mo ní iná ni n óò fi wọ́n dá.

Ọba Páṣíà kan ṣe ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ rí. Tahmasp ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ó gorí oyè ní ọdún 1524. Nígbà èwe rẹ̀ ó kọ́ àwòrán yíyà lọ́dọ̀ Sultan Muhammad, ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Àwọn oníṣọ̀nà ààfin rẹ̀ sì ṣe ìwé Shahnama kan fún un, ìtàn àwọn ọba ìgbàanì tí Firdausi kọ ní ewì. Àwòrán 258 ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ọkàn rẹ̀ kúrò lára àwòrán. Àwọn kan nínú àwọn oníṣọ̀nà náà wá ibòmíràn lọ, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba Íńdíà, ìwé ńlá náà pẹ̀lú sì di ẹ̀bùn fún Selim Kejì, ọba Tọ́kì, ní ọdún 1568. Èmi náà rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo fi lè ronú pìwà dà ni kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ìyàwó mi gba àpótí náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ẹ má sun ún. Búrọ́ọ̀ṣì kọ́ ni ó ṣẹ̀ mí. Bí ẹ bá sun ún, ẹ óò rí òmíràn tí ẹ óò máa tẹjú mọ́. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹ dá mi lóhùn láì gbé ojú sókè. Ààfáà, ojú lọ̀rọ̀ wà.”

N kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rán mi létí Salman àti Abu Darda, tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sọ di ọmọ ìyá. Salman lọ kí Abu Darda, ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ tí kò gún régé. Ó bi í léèrè ìdí rẹ̀. Obìnrin náà ní ọkọ òun kò náání ohun ayé mọ́: ààwẹ̀ lọ́sàn-án, ìrun lóru. Salman mú kí Abu Darda jẹun, ó mú kí ó sùn. Nígbà tí òru ń parí lọ, ó jí i, wọ́n sì jọ kírun. Ó wá sọ fún un pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Kí ó fún olúkúlùkù ní tirẹ̀. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní òtítọ́ ni Salman sọ.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Bí ìrun nọ́fílà àti ààwẹ̀ nọ́fílà kò bá lè gba ẹ̀tọ́ ìyàwó mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ni ti búrọ́ọ̀ṣì onírun ọ̀kẹ́rẹ́? Ẹ sì kíyè sí i pé Salman kò ní kí Abu Darda fi ìrun sílẹ̀. Ó fi ìrun sí àyè rẹ̀ ni. Ara náà ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi díẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, kò burú bí ó bá fi ọ̀dà tu ọkàn lára, tàbí tí ìyá ilé bá jókòó ti abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀.

Báyìí ni èmi àti ìyàwó mi ṣe wá fi ẹnu kò. Alẹ́ ọjọ́ Àtàláátà àti ti Àlàmísì ni tèmi, wákàtí kan péré, lẹ́yìn tí a bá ti jẹun tí a sì ti yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò. Owó ọ̀dà kò gbọdọ̀ ti inú owó ọbẹ̀ jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí, n óò gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, n óò gbé ojú sókè, kí n tó dáhùn.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín fẹ́ràn ọ̀dà, ẹ gba ìkìlọ̀ kan pẹ̀lú. Àwọn oníṣọ̀nà ìgbàanì a máa lo ọ̀dà funfun tí a fi òjé ṣe, àti irú ọ̀dà pupa àti òfeefèé kan tí májèlé wà nínú wọn. Ọ̀dà òde òní pẹ̀lú kì í ṣe ìkan náà. Ẹ ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu lá búrọ́ọ̀ṣì kí ó lè mú, ẹ má sì fi ife omi mímu fọ̀ ọ́.

Ní Àtàláátà kan, mo sọ ìtàn Dara Shikoh fún ìyàwó mi. Ọmọ ọba Íńdíà ni, ọmọ Shah Jahan tí ó kọ́ Taj Mahal. Ní ọdún 1633 ó fẹ́ Nadira Banu Begum. Ó di àwòrán wínníwínní pọ̀ sínú ìwé kan, tí ẹyẹ àti òdòdó pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, láàrin ọdún 1640 sí 1650, ó fi ṣe ẹ̀bùn fún aya rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé òun ni òun fún. Ní ọdún 1659, nígbà tí ogun oyè ń lé wọn kiri, ikú mú aya náà lójú ọ̀nà, wọ́n sì pa ọkọ ní ọdún kan náà. Ìjọba bọ́, ọrọ̀ lọ, ìwé náà sì wà ní British Library ní Lọ́ńdọ́nù títí di òní.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ó dára. Ṣé ó ti fún un ní owó ọbẹ̀ kí ó tó fún un ní ìwé?” A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà mo rò ó pé iṣẹ́ ọwọ́ mi wà ní ilé ọ̀rẹ́, ó wà ní ilé àna, kò sì sí ẹyọ kan nínú yàrá rẹ̀.

Mo bi í pé irú òdòdó wo ni ó fẹ́. Ó ní òdòdó Páṣíà kò yé òun. Kí n ya ewédú. Ewédú náà ni mo yà. Ọmọbìnrin mi tí gìrì mú lọ́jọ́sí ni ó fi òkúta odò ha ìwé náà tí ó fi dán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo lò lórí rẹ̀, ó sì wà lára ògiri yàrá ìyàwó mi nísinsìnyí. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú yóò rí i pé ní ibi mẹ́ta, ewé kan dúró lágbede méjì, ọ̀dà rẹ̀ gbẹ, kí a tó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àlejò kan ní kí n bo àléébù náà. Mo ní rárá o. Ibẹ̀ ni ó ti pè mí.

Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú fún wa ní etí tí yóò gbọ́ ìpè mọ́ṣáláṣí, àti etí tí yóò gbọ́ ìpè inú ilé. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Màásàlámù.