Pápá Tí A Wó, Orúkọ Tí Kò Yẹ Kí Ó Wó

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n kí ni kí a ti wí nípa ilé tí a fi kọ́ńkéré àti irin mọ, tí kò sì pé ọgbọ̀n ọdún tí katapílà fi wọ inú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré tẹ́níìsì Penick-Allison ni a ń sọ, èyí tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Texas ní ìlú Austin, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1986 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní 2014 ni wọ́n wó o palẹ̀, tí wọ́n sì lo ilẹ̀ náà fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. A mú ìtàn yìí wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò mọ sí Amẹ́ríkà nìkan.

Ta ni Penick? Olùkọ́ ni. Èdè Gíríìkì àti Látìn ni Daniel Penick ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì náà. Lẹ́yìn iṣẹ́ kíláàsì ni ó ń lọ sí pápá láti kọ́ wọn ní tẹ́níìsì. Iṣẹ́ méjèèjì kò mú un gbàgbé èyíkéyìí. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní eré náà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, títí di 1957, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ọgọ́rin.

Wilmer Allison jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ tọ́. Ní 1927, ó gba ipò kìíní láàárín gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà. Ní 1929 àti 1930, òun àti John Van Ryn gba ife ẹ̀yẹ àwọn tí ń ṣeré ní méjì-méjì ní Wimbledon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1930 yìí kan náà, ní ìlú Paris, nínú ìdíje Davis Cup, ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ni ó ku àmì kan ṣoṣo péré kí Giorgio de Stefani, ará Ítálì, borí rẹ̀. Allison kò gbà. Òun ni ó borí níkẹyìn. Ní 1935, ó gba ife ẹ̀yẹ ẹlẹ́nìkan ti gbogbo Amẹ́ríkà. Nígbà tí Penick sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1957, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yìí ni ó bọ́ sí ipò rẹ̀, tí ó sì wà níbẹ̀ títí di 1972. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi so orúkọ olùkọ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ mọ́ pápá kan ṣoṣo.

Òtítọ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Nínú ọ̀pọ̀ jùlọ ọdún tí Penick fi ń kọ́ni, ilẹ̀kùn yunifásítì náà tì gbọingbọin mọ́ aláwọ̀ dúdú. Ó di 1950 kí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà tó pàṣẹ pé kí wọ́n gba Heman Sweatt, ọmọ aláwọ̀ dúdú, sí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin níbẹ̀. Nítorí náà, a kò wí pé ohun gbogbo tí ó jẹ́ ti àtijọ́ ni ó dára. Ẹni tí yóò bá rántí, kí ó rántí tibi-tire.

Kí ni ó wá mú kí wọ́n wó pápá náà? Láti 1883 ni yunifásítì náà ti wà ní Austin, ṣùgbọ́n kò ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nínú ìlú náà. Ní 2011, Kirk Watson, tí ó jẹ́ aṣòfin ní ilé ìgbìmọ̀ Texas nígbà náà, gbé ọ̀rọ̀ náà dìde níwájú gbogbo ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá 2012, àwọn ará àgbègbè Travis, níbi tí Austin wà, dìbò láti fi sẹ́ńtì márùn-ún kún owó orí ilé àti ilẹ̀ wọn lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ náà lè ṣeé ṣe. Àjọ Michael àti Susan Dell sì ṣèlérí àádọ́ta mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀bá ilé ìwòsàn Brackenridge, tí ó ti ń tọ́jú àwọn ará ìlú láti 1884, ni wọ́n yàn fún un. Lórí ilẹ̀ yìí ni pápá tẹ́níìsì náà wà. Ní 2016, àádọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ní 2017, ilé ìwòsàn tuntun ṣí, ó sì gba iṣẹ́ Brackenridge ṣe.

Ta ni yóò wí pé wọ́n ṣe búburú? Àwa kọ́. Ẹ̀mí ju eré lọ, ìlú tí ó bá sì ní kí òun sanwó kí àwọn ọmọ òun lè di dókítà, ìlú ọlọgbọ́n ni. Àwọn eléré pàápàá kò ṣòfò pátápátá. Fún ọdún díẹ̀ wọ́n ń ṣeré ní ibòmíràn, ṣùgbọ́n ní 2018 a ṣí pápá tuntun fún wọn. Ní 2019 àwọn ọkùnrin wọn gba ife ẹ̀yẹ gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà; àwọn obìnrin gba tiwọn ní 2021 àti 2022.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kù díẹ̀ káàtó ni ti orúkọ. Orúkọ mìíràn ni pápá tuntun náà ń jẹ́. Penick àti Allison kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ọmọ tí ó bá wọ ibẹ̀ lónìí lè gba ife ẹ̀yẹ, kí ó sì padà sílé láìmọ̀ pé olùkọ́ èdè kan ni ó fi àádọ́ta ọdún pilẹ̀ ohun tí òun ń jẹ lérè. Sẹ́ńtì mélòó ni ìbá ná wọn láti kó orúkọ náà lọ sí ibùdó tuntun?

Bẹ́ẹ̀ ni wíwó náà kò parí sórí tẹ́níìsì. Gbọ̀ngàn ńlá Erwin, tí ó wà ní àdúgbò kan náà láti 1977, ni wọ́n tì ní 2022, tí wọ́n sì wó lẹ́yìn náà, nítorí iṣẹ́ ìwòsàn yìí kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a yíjú sí ilé tiwa. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ bí a ti ń gé pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ kù lọ́dọọdún ní ilẹ̀ wa: lónìí ṣọ́ọ̀bù, lọ́la ilé gbígbé. Àwọn ọmọ a dé láti ìsinmi, wọn a bá ògiri níbi tí wọ́n ti ń sáré. Kì í ṣe ilé ìwòsàn ni a sì fi ń rọ́pò rẹ̀ nígbà gbogbo.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má wó ohunkóhun. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí àwọn aláṣẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta kí katapílà tó wọlé. Èkínní, àǹfààní ta ni ohun tí ẹ fẹ́ kọ́, ǹjẹ́ ẹ sì ti fi lọ aráàlú? Èkejì, níbo ni àwọn tí ẹ ń lé kúrò yóò lọ, nígbà wo ni tiwọn yóò sì ṣe tán? Ẹ̀kẹta, orúkọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń kọ́? Austin dáhùn méjì àkọ́kọ́ bí ọmọlúwàbí. Ó fi ẹ̀kẹta sílẹ̀.

Ìbéèrè kẹta yìí kò sì dúró de aláṣẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú ìwé àti kálàmù. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fa ìlà sí pápá ilé ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀, ẹ kọ ọdún rẹ̀, ẹ kọ ibi tí ó kù sí pẹ̀lú ibi tí ó ti ṣe dáradára, kí ẹ sì kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ. Bí ọjọ́ wíwó bá dé, yóò bá ohun tí katapílà kò lè gbé.