Ẹ Bá Wa Tún Etí Ọ̀nà Òkè Ẹ̀fọ̀n Ṣe

Ẹ̀yin aláṣẹ tí ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ wà níkàáwọ́ yín, àti ẹ̀yin ìjọba Èkìtì àti Ọ̀ṣun, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ la fi ń bẹ̀ yín nítorí àwa tá a ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní ọ̀nà Ìtáwurẹ́ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, títí dé Ẹ̀rìnmọ̀ àti Ìwárájà.

Òkè ló yí Ẹ̀fọ̀n ká, ọ̀nà náà sì ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Ẹlẹ́mu tó so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ń gbà á, àgbẹ̀ ń gbà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá ń gòkè, a kì í lè yára, tírélà á sì máa han lẹ́yìn wa.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló le jù. Oòrùn lè máa ràn nísàlẹ̀, kí kùrukùru ti bo ojú ọ̀nà lókè, kí òjò sì dé lójijì. Rọ́bà bíréèkì tó bá tutù kì í tètè mú: ó ní láti kọ́kọ́ nu omi kúrò lára irin tí táyà wọ̀ sí, kẹ̀kẹ́ á sì ti sáré jìnnà. Ní kọ́nà, a ó bá ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tí àgbàrá wọ́ wálẹ̀. Bí a bá ní ká yà fún tírélà, etí ọ̀dà á ti gé sílẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá já síbẹ̀, ó di kí ẹni tó gùn ún ṣubú.

Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní òrùlé lórí, tí kò ní irin láyìíká, ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù.

A kò tọrọ títì tuntun. Ẹ bá wa kó gọ́tà ẹsẹ̀ òkè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta. Ẹ fi ọ̀dà dí etí ọ̀nà tó gé, kó lè dọ́gba. Ẹ ri àmì tó ń tàn nínú kùrukùru mọ́ àwọn kọ́nà. Ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ẹ rọ awakọ̀ tírélà kí wọ́n wọ jíà kékeré kí wọ́n tó máa sọ̀, torí bíréèkì tó bá gbóná jù kì í mú mọ́.

Ìgbà ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí rọrùn jù. Ẹ dákun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àkọ́rọ̀ òjò bá a nílẹ̀.